Àwọn Káàdì Tí Wọ́n Dá Padà Fún Mi

Òórùn awọ tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo jókòó sídìí tábìlì mi nínú yàrá wa ní Òkè-Àfà, mò ń lẹ òdòdó tí mo fi àjákù léèsì ṣe mọ́ ojú káàdì ìgbéyàwó kan. Mo rò pé ẹnì kan ló ń sun pọ̀ǹmọ́ lẹ́yìnkùlé. Tóyìn, ọmọ mi obìnrin tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ló gbójú sókè tó figbe ta.

"Mọ́mì, ọwọ́ yín! Ẹ wo ọwọ́ yín!"

Mo wò ó. Gọ́ọ̀mù gbígbóná ti kán sí ìka kékeré ọwọ́ òsì mi, ó sì ti dì mọ́ ọn. Irinṣẹ́ tí mò ń lò fún gọ́ọ̀mù náà dà bí ìbọn. Tí wọ́n bá kì í bọ iná, á yọ́ ọ̀pá gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ títí á fi máa kán bí oyin. Ó máa ń gbóná débi pé mo ti sunkún rí nítorí ẹ̀kán kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣí gọ́ọ̀mù náà kúrò, awọ tẹ̀ lé e, mo sì ń wo ẹran ara mi pupa bí ẹni ń wo ti ẹlòmíràn. Kò ta mí rárá. Tóyìn ló ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tábìlì yẹn jẹ́ fún mi, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìsọlọ̀. Èmi ni mo máa ń to páálí, tí mo máa ń dì í pọ̀. Àjákù pépà tó dára kì í wọ́n nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá wa sì gbà kí n máa kó díẹ̀ lọ sílé. Tí mo bá ráyè dé ọjà Aswani, mo máa ń yà lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, wọ́n á fún mi ní àjákù àǹkárá àti léèsì. Ìyẹn ni mo fi ń ṣe káàdì ọjọ́ìbí, ti ìkómọ, ti ìgbéyàwó, títí kan ti ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. N kì í tà á. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan nínú ilé wa tàbí nínú ìjọ wa yóò gba káàdì lọ́wọ́ mi, orúkọ rẹ̀ á sì wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìwé ìrántí náà wà. Nígbà tí ìyá mi kú ní Ìkirè, fótò kan ṣoṣo la rí, ikán sì ti jẹ apá kan ojú rẹ̀. Mo búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tèmi. Mo ra ìwé ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ nǹkan sínú rẹ̀: fótò, ìrépé aṣọ tí ìyá mi fi pọ̀n mí, okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ Tóyìn nílé ìgbẹ̀bí, lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ kọ sí mi nígbà tó ń fẹ́ mi. Ìwé mẹ́ta ti kún. Tí mo bá ti jókòó tì í, n kì í gbọ́ ariwo tírélà mọ́, ẹ̀yìn tó ń ro mí á sì fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ gọ́ọ̀mù yẹn kọ́ ni àmì àkọ́kọ́ yọ. Ó ti tó ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà tí ojú kan nítòsí ìgúnpá òsì mi ti ń mọ́ ju ibi yòókù lọ. Kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò yún mi, kò ta mí, irun ibẹ̀ sì ti re dànù. Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì àdúgbò wa ní lápálápá ni, ó ta ìpara fún mi. Mo fi ìpara náà pa á títí ó fi tán, mo ra òmíràn. Ojú náà ń fẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ gọ́ọ̀mù, mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Dókítà ibẹ̀ kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó bi mí ní ohun tí mò ń fi ọwọ́ ṣe nígbà tí iná jó mi, mo sì ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mádàámù, ẹ fi eré pépà yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọwọ́ yín ló ti rẹ̀."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn amáralókun. Nígbà tó di oṣù kejì, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ti kú tipiri, sísọ́ọ̀sì sì ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà lọ. Ó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Nígbà kẹta, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí náà." Ó wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, bí ẹni ń wo ọjà tí kò ní rà. Ó ní lápálápá ni, ó kọ ìpara míì. Kò dìde. Kò na ọwọ́. Oṣù mẹ́jọ ló lọ báyìí, ìka mi méjèèjì sì ń tẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí oòrùn ń pa. Ìka tó yẹ kí n máa nà gbọọrọ lónìí, oṣù mẹ́jọ yẹn ló jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ń gbóná.

Nọ́ọ̀sì tó wà nílé iṣẹ́ wa ló rí mi lọ́jọ́ kan tí páálí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí n lọ rí àwọn tó ń tọ́jú àrùn awọ ara nílé ìwòsàn ìjọba. Mo lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a jókòó lórí bẹ́ńṣì láti ìdájí títí ọ̀sán fi pọ́n, kí ẹnì kan tó jáde wá sọ pé dókítà kò wá. Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti wá láti Badagry. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù, ó sì wọ̀ ọ́ padà. Èmi ni mo bú wọn fún àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì pè mí wọlé. Ó ní kí n bọ́ bùláòsì mi. Ó mú òwú, ó fà á títí ẹnu rẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ dijú. Màá máa fi òwú yìí kàn yín lára. Ibi tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi ìka tọ́ ọ."

Ó fi kan apá ọ̀tún mi, mo tọ́ ọ. Ó fi kan èjìká mi, mo tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo ń dúró. Mo dúró títí.

"Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ti apá òsì ni, mà?"

"Mo ti fi kàn yín nígbà márùn-ún," ó ní.

Mo lajú. Òwú náà ṣì wà lórí ara mi.

Ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn ìgúnpá mi, ó fi ọwọ́ mi lé ibẹ̀ kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n: iṣan kan ti wú níbẹ̀ bí okùn. Dókítà wá, òun náà fọwọ́ kàn án. Wọ́n gé etí mi níbi tó rọ̀ díẹ̀, wọ́n mú omi ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde, Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, ó gba ọwọ́ òsì mi sínú tirẹ̀ méjèèjì.

"Ìyá Tóyìn, ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ má tíì sunkún, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ó ń san. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ọdún kan gbáko lẹ máa lò ó, kò sì ní sí lára yín mọ́."

Àwọn àgbà máa ń sọ pé èèyàn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápálápá. Òwe ni fún wọn. Lára mi, ọ̀rọ̀ bó ṣe rí gan-an ni. Èmi náà ti pa òwe adẹ́tẹ̀ tí kò lè fún wàrà rí, mo sì rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ẹnu ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà lára yín tàbí lára èèyàn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfiṣe, ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀ṣẹ̀ rà á. Inú awọ ara àti iṣan ìmọ̀lára ló ń lọ, ìyẹn àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù lọ sí ọpọlọ. Ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lára kí àmì kan tó yọ. Ẹni tí kò tíì gba oògùn lè kó o ran ẹni tó bá ń bá a gbé pẹ́, láti inú ikọ́ àti èémí, ṣùgbọ́n ara ọ̀pọ̀ èèyàn lágbára láti lé e dànù. Kí èèyàn bọ ẹnì kan lọ́wọ́ tàbí kó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè kó o ràn án. Tí èèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ìka kì í ṣàdédé já bọ́. Egbò tí èèyàn ní tí kò mọ̀ pé òun ní, tí kò tọ́jú, ló ń jẹ ẹ́.

Oògùn náà le. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ ìtọ̀ di pupa, òmíràn sọ ojú mi di dúdú bí ìgbà tí èèyàn bá pẹ́ nídìí iná. Wọ́n yẹ ọkọ mi àti Tóyìn wò, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì fún wọn ní oògùn kan tí wọ́n á lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń dènà rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn, ọkọ mi ti fi ọ̀sẹ̀ kan sùn sórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn. Ó ya kọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ní iṣẹ́ tírélà tí òun ń wà ló ń rẹ òun, pé òun fẹ́ na ẹ̀yìn sórí ilẹ̀. Nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ tán, ó di ọwọ́ òsì mi mú láti inú ọgbà ilé ìwòsàn títí a fi dé ibùdókọ̀. N kò tíì dárí ọ̀sẹ̀ yẹn jì í tán. Ó mọ̀.

Ìyá Ṣèyí ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ìjọ kan náà la ń lọ, ilé ìyàgbẹ́ kan náà la ń lò. Ó rí omi pupa níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ojú àánú ló fi bi mí. Mo sọ òótọ́ fún un.

"Ọlọ́run á wò yín sàn," ó ní. Ó sì fẹsẹ̀ sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ méjì.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo bá náílọ́ọ̀nù dúdú kan lára ọwọ́ ilẹ̀kùn wa. Àwọn káàdì mi ló wà nínú rẹ̀. Káàdì ọjọ́ìbí àwọn ọmọ ilé wa, ti ìkómọ àwọn ará ìjọ, èyí tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe fún ìyàwó pásítọ̀ nígbà tó pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti gba tọwọ́ gbogbo èèyàn jọ. Ẹnì kan ti fọ́n apakòkòrò sí wọn, orúkọ tí mo gé tí mo lẹ̀ sì ti ṣí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, òórùn náà ń ta mí nímú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn èéfín láti ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Ṣèyí ló wà níbẹ̀, ó ń fi igi ro iná. Mo rí etí káàdì kan tí kò tíì jó tán.

"Ìyá Ṣèyí, kí lẹ̀ ń sun?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Tóyìn. Torí àwọn ọmọ ni."

"Torí àwọn ọmọ." Ohùn mi ti lọ sókè, n kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ bí Ṣèyí sórí ilẹ̀ yàrá yín, tí mọ́tò ò tètè dé, ọwọ́ ta ló gbà á? Ọwọ́ yìí ni! Ọwọ́ yìí ló kọ́kọ́ kan ara ọmọ yẹn láyé. Ẹ gbé òun náà wá kẹ́ ẹ jù ú sínú iná!"

Àwọn èèyàn ti ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ó sọ igi náà sílẹ̀, ó wọlé lọ. Mo bu omi pa iná náà, mo sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ títí eérú náà fi tutù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pásítọ̀ ní kí n sinmi díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. N kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tí n kò retí oore lọ́dọ̀ rẹ̀, ka lẹ́tà dókítà tán, ó béèrè ọjọ́ tí mo máa ń lọ gba oògùn kó lè fi ẹlòmíì sí ipò mi. Ìyẹn nìkan ló bi mí.

Nínú oṣù karùn-ún tí mo ti ń lo oògùn, ìgúnpá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni pé wọ́n ń fi irin gbígbóná fà á. Ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀: ara á máa bá òkú kòkòrò náà jà, iṣan á sì wú. Ẹ má rò pé oògùn ló ń pa yín, ẹ má sì dá a dúró. Ẹ sáré padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú kí wíwú náà rọlẹ̀. Ojú mi wú, ebi ń pa mí ṣáá, oorun kò kùn mí. Ìrora náà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ìka méjèèjì ti tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n wá fi mí sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún iṣan àti oríkèé ṣe. Ó bi mí pé, "Mà, kí lẹ fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ṣe?"

Mi ò fẹ́ dáhùn. Mo ti ń retí ẹ̀rín. Mo ní, "Káàdì. Mo máa ń gé pépà."

"Ẹ kó o wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè."

Mo kó o lọ. Ó fi fóòmù wé ojú sísọ́ọ̀sì mi kó má baà ha mí lọ́wọ́. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè fi ọwọ́ ọ̀tún na ìka òsì, kí n dì í mú, kí n tú u sílẹ̀, kí n tún un ṣe. Ó ní gọ́ọ̀mù tútù ni kí n máa lò, pé ojú mi ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí awọ mi kò lè ṣe mọ́: kí n wo ìka mi kí n tó gé, kí n tún wò ó lẹ́yìn tí mo bá gé tán. Gígé pépà tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lé lórí di oògùn tí wọ́n kọ fún mi. Mo sunkún níbẹ̀, ó rò pé ayọ̀ ni. Ìbínú ni. Ìbéèrè kan péré ni ọmọbìnrin yìí bi mí, ó sì dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí mo gbé oògùn ìkẹyìn mì, tí wọ́n yẹ̀ mí wò tí wọ́n ní mo ti bọ́, mo lẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìrántí tuntun kan: páálí oògùn tó ti ṣófo, káàdì ilé ìwòsàn, fótò tí Tóyìn yà nígbà tí àpá náà tóbi jù. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni yẹn. Mo tò bí aláìsàn títí ó fi kàn mí, mo ṣí i sílẹ̀ níwájú dókítà náà.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e.

"Mi ò rí irú ẹ̀ rí," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Ẹ rí i nígbà mẹ́ta, dókítà. Ẹ ò fọwọ́ kàn án ni."

Kò tọrọ àforíjì. Ó ní ṣé òun lè ya fótò ojú ìwé tí àpá náà wà, kí òun fi han àwọn nọ́ọ̀sì òun. Mo jẹ́ kó yà á, mo pa ìwé mi dé, mo bá tèmi lọ.

Àwọn kan ní kí n gbàgbé, pé ara mi ti yá. Ìyá Ṣèyí ń kí mi pẹ̀lú ariwo báyìí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, mo sì ń dá a lóhùn torí ilé kan náà la ń gbé. Inú ṣì ń bí mi. N kò rò pé ó yẹ kí n bẹ ẹnikẹ́ni fún un. Ṣùgbọ́n mo ń dúpẹ́ pẹ̀lú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó fi fóòmù wé sísọ́ọ̀sì, lọ́wọ́ Tóyìn tó fi ọdún kan gbáko ka oògùn fún mi. Ìbínú àti ọpẹ́ ń gbé inú ara mi kan náà, àyè sì gbà wọ́n.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú ìrora kúrò lára mi. N kì í gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ojú àpá kan wà lára yín tí kò yún, tí kò mọ òwú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì. Ẹ ní kó dìde. Ẹ ní kó fọwọ́ kàn án. Tó bá kọ̀, ẹ lọ sí ibòmíì lọ́jọ́ náà.

Láràárọ̀, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, mo máa ń rẹ ọwọ́ mi méjèèjì sínú omi, màá fi òróró pa wọ́n, màá sì wo ìka kọ̀ọ̀kan bóyá mo ti fara pa láìmọ̀. Ìka kékeré náà kò nà mọ́, kò sì ní nà. Mo máa ń dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Kò mọ̀ pé mo di òun mú. Èmi mọ̀, mo sì ń kí i pé ó kú iṣẹ́.